Àpá Tí Abẹ́rẹ́ Fi Pamọ́

Abẹ́rẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pe aránṣọ náà, kì í sì í ṣe nítorí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nìkan. Ẹnu rẹ̀ mú. Bí oníbàárà bá sanra sí i, kò ní fi pamọ́ fún un. Á ní, "Aṣọ yìí kò súnkì o, ẹ̀yin lẹ fẹ̀." Àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì tún padà wá, torí kò sí ẹni tó lè rán ọrùn aṣọ kó jókòó bíi tirẹ̀. Ó ti lo ọdún méjìlélógún nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà, lókè ilé tí ẹni tó ń tún bàtà ṣe wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, tábìlì gígùn tó fi ń gé aṣọ wà láàárín, dígí gàgàrà kan dúró ti ògiri, ó sì ta kọ́tìnnì sí igun kan kí àwọn oníbàárà lè ríbi pààrọ̀ aṣọ.

Bí eré ni ara yíyún náà bẹ̀rẹ̀. Inú ìgúnpá rẹ̀ méjèèjì ló kọ́kọ́ ń yún un, ó wá dé ẹ̀yìn ọrùn, ó dé ẹ̀yìn ọwọ́. Ó ń họ ọ́ nídìí ẹ̀rọ, ó ń họ ọ́ nídìí áyọ́ọ̀nù, ó ń họ ọ́ lójú oorun. Bí iná ò bá tán lórí aṣọ, ẹ̀jẹ̀ ò lè tán léèékánná. Abẹ́rẹ́ họra títí awọ fi bó. Nọ́ọ̀sì kan ní ilé ìwòsàn kékeré tó wà ní ìkòríta sọ fún un pé ẹ́kísímà ni wọ́n ń pè é, pé kì í ràn, ó sì fún un ní oògùn tí á máa fi pa á lára. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ẹ́kísímà náà lọ. Ṣùgbọ́n ibi tó ti lọ kò padà sí bó ṣe wà. Gbogbo ibẹ̀ ṣú dùdù, bí ẹni pé wọ́n fi èédú pa á, ní abala abala. Ara sàn, àpá jókòó.

Látìgbà náà ni Abẹ́rẹ́ ti di aláṣọ alápá gígùn. Oòrùn ì báà ràn kó fọ́ orí, áyọ́ọ̀nù ì báà máa hó lọ́wọ́ rẹ̀, bọ́tìnnì ọrùn ọwọ́ rẹ̀ á dè pinpin. Bí èèyàn bá bi í, á ní òtútù ń mú òun.

Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin kan tó fẹ́ ṣègbéyàwó wá wọn aṣọ, àbúrò ìyá rẹ̀ sì tẹ̀ lé e wá pẹ̀lú aṣọ funfun tó gbówó lórí. Abẹ́rẹ́ kúnlẹ̀, ó fi téèpù yí ìdí ọmọ náà ká, ó kó pínnì sẹ́nu bí ìṣe àwọn aránṣọ. Bó ṣe nawọ́ sókè láti wọn igbáàyà, bọ́tìnnì ọrùn ọwọ́ rẹ̀ já, apá aṣọ rẹ̀ sì sún wálẹ̀ dé ìgúnpá.

Àbúrò ìyá ọmọ náà rí i. Ó ní, "Aránṣọ, kí ló ṣe yín lọ́wọ́?"

Pínnì wà lẹ́nu Abẹ́rẹ́. Ó ń yọ wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kó lè ráyè ronú. Ó ní, "Iná áyọ́ọ̀nù ni."

"Ọwọ́ méjèèjì?"

"Áyọ́ọ̀nù méjì ni."

Bó bá jẹ́ ọjọ́ mìíràn, ẹ̀rín á pa gbogbo wọn. Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó wo ọwọ́ náà, ó wo aṣọ funfun tó wà lórí tábìlì, ó sì rọra ká aṣọ náà padà sínú àpò. "Ẹ má bínú o, a ní ibì kan tí a fẹ́ yà. A máa padà wá." Ọmọ náà kò mọ ibi tó lè kọjú sí, ó ṣá tẹ̀ lé e. Láti ojú fèrèsé, Abẹ́rẹ́ rí wọn nísàlẹ̀. Obìnrin náà dúró lẹ́bàá títì, ó mú áńkáṣíìfù jáde, ó ń nu ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ni kò tiẹ̀ fọwọ́ kan Abẹ́rẹ́ rárá.

Wọn kò padà wá. Ojú ti Abẹ́rẹ́ dé inú egungun. Ó ti ilẹ̀kùn, ó lọ sídìí dúrọ́ọ̀ ìsàlẹ̀ pátápátá, èyí tó máa ń kó àkísà sí, ó sì mú ike ìpara kan jáde.

Ìpara náà kì í ṣe tirẹ̀. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ló ni ín, èyí tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín, tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ní ibùdókọ̀ ojú irin. Ọdún méjì sẹ́yìn, Ẹlẹ́rìn-ín ń bóra. Gbogbo ẹbí rí i, kò sí ẹni tó sọ ọ́. Abẹ́rẹ́ ló sọ ọ́. Wọ́n jọ ń jẹun ọ̀sán nílé ìyá wọn, àbúrò bàbá wọn wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. Abẹ́rẹ́ kọwọ́ bọ inú báàgì àbúrò rẹ̀, ó yọ ike ìpara náà, ó gbé e kalẹ̀ láàárín àwọn abọ́ oúnjẹ. Ó ní, "Ẹ wá wo ohun tó ń bó ọmọ yín bí ẹni ń bó ọsàn. Ojú pupa, ọrùn rúsúrúsú, oríkèé ìka dúdú. Ara kan ṣoṣo, àwọ̀ mẹ́ta. Èwo nínú wọn la ó máa kí?"

Ilé wó fún ẹ̀rín. Omi tó wà lẹ́nu àbúrò bàbá wọn tú jáde. Ẹlẹ́rìn-ín nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó jáde. Ìyá wọn ní, "O ṣeun tó o bá a wí," Abẹ́rẹ́ sì gbé ike ìpara náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù bí ẹni tó gba ìbọn lọ́wọ́ olè. Lẹ́yìn ìyẹn, Ẹlẹ́rìn-ín jáwọ́ nínú bíbóra, àwọ̀ rẹ̀ sì padà bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀. Abẹ́rẹ́ a máa fi ìtàn náà ṣe ẹ̀kọ́ fún àwọn oníbàárà: "Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo sọ, ó jáwọ́." Ohun tí kì í fi kún un ni pé láti ọjọ́ náà, àbúrò òun kò tẹ ilé òun mọ́.

Ìpara yìí ló wá ṣí báyìí. Ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ pé, "Orí àpá nìkan ni. Èmi ò bóra. Àpá ni mò ń tọ́jú." Ó fi ìka kan bù ú, ó fi ra inú ìgúnpá, ó fi ra ẹ̀yìn ọrùn.

Ìpara náà ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà rẹ̀ wà. Kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé, dúdú náà ti ń ṣí. Abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara rẹ̀ nínú dígí kó tó ṣílẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, inú rẹ̀ sì ń dùn. Nígbà tó lá ike náà tán, ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí òdìkejì ìlú, níbi tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ọ́n, ó fa ìborùn bo orí dé ìpéǹpéjú. Ọmọge tó ń ta ìpara kò tiẹ̀ bi í pé kí ló ń ṣe é. Ó ní, "Mo ní èyí tó lágbára ju ìyẹn lọ, màmá." Gbólóhùn náà gún Abẹ́rẹ́ láyà, pé ọmọ tó lè bí nínú ara rẹ̀ ń pè é ní màmá nídìí òwò bẹ́ẹ̀. Ó ra èyí tó lágbára.

Oṣù kẹta ni ọwọ́ yí padà. Ara tó yí àpá ká pọ́n, ó fẹ́lẹ́ bí awọ àlùbọ́sà, iṣan sì ń yọ lábẹ́ rẹ̀. Àpá fúnra rẹ̀ padà wá, ó wá dà bí ilẹ̀kẹ̀ dúdú tí wọ́n to sórí aṣọ funfun. Ẹ̀rù bà á, ó dá ìpara náà dúró. Ọjọ́ méjì péré, ara yíyún dé bí ẹni tó jókòó lé ilé ìjàlọ. Kò lè súnmọ́ áyọ́ọ̀nù mọ́, nítorí ooru rẹ̀ ń ta á bí ata. Ìgúnpá là, ó ń ṣomi. Lọ́jọ́ kan, omi náà kán sára bùláòsì ṣẹ́dà kan tó ń rán lọ́wọ́, ó pọ́n síbẹ̀ roboto. Ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó sá a, ó lọ̀ ọ́ pẹ̀lú omijé lójú. Nígbà tí oníbàárà wá gbà á, tó ń yìn ín pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́, kò lè wo obìnrin náà lójú. Ó padà sídìí ìpara.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ìyá wọn rán Ẹlẹ́rìn-ín pé kó gbé aṣọ kan lọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó bá òun dín in kù. Ẹlẹ́rìn-ín gun àtẹ̀gùn wá. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, ẹ̀rọ dákẹ́, kò rí ẹnikẹ́ni. Ó fẹ́ pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ojú rẹ̀ bá dígí. Kọ́tìnnì kò pàdé tán. Nínú dígí náà, Abẹ́rẹ́ jókòó lórí àpótí láìwọ aṣọ òkè, apá rẹ̀ méjèèjì wà níta, ike ìpara wà lórí itan rẹ̀. Abẹ́rẹ́ náà gbójú sókè. Ojú wọn pàdé nínú dígí.

Abẹ́rẹ́ fa aṣọ tó sún mọ́ ọn bo ọwọ́. "Kí lo wá ṣe níbí?" Ohùn rẹ̀ le, bí ẹni pé àbúrò rẹ̀ ni wọ́n ká mọ́ nǹkan.

"Màámi ní kí n gbé aṣọ wá." Ẹlẹ́rìn-ín gbé àpò kalẹ̀. "Òórùn yẹn, mo mọ̀ ọ́n."

Abẹ́rẹ́ ń retí ẹ̀rín. Ó mọ ohun tí òun ì bá sọ bó bá jẹ́ òun ló dúró síbi tí àbúrò òun dúró sí. Gbogbo ọ̀rọ̀ náà pé sí i lẹ́nu, ó ń gbọ́ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì ń ṣe é bí ẹni pé kí ilẹ̀ lanu gbé òun mì.

Ẹlẹ́rìn-ín wọlé, ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n wò ó." Ó ká aṣọ náà kúrò, ó gbé ọwọ́ náà sórí ọwọ́ ara rẹ̀. "Ó ti tó ìgbà wo?"

"Oṣù mẹ́ta."

"Ṣé ẹ ti dá a dúró rí?"

"Ọjọ́ méjì. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí."

"Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn."

Abẹ́rẹ́ ní, "Rẹ́rìn-ín, jàre. Ó tọ́ sí mi."

"Mi ò wá rẹ́rìn-ín." Ẹlẹ́rìn-ín kò gbé ojú kúrò lára ọwọ́ náà. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ rò pé ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ nílé Màámi ló mú mi jáwọ́?"

"Ṣé òun kọ́ ni?"

"Rárá o. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni mo yà sọ́jà, tí mo ra méjì sí i. Oṣù mẹ́rin ni mo tún fi kún un. Èèyàn tó bá dá a dúró, ara rẹ̀ á kọ́kọ́ burú ná. Ojú ń tì mí pé ẹ̀yin lẹ máa rí mi bẹ́ẹ̀, tí ẹ máa tún rí nǹkan sọ. Ẹsẹ̀ ni mo fi gbá irin níbi iṣẹ́. Egbò tí kò tó nǹkan kọ̀, kò jiná. Dókítà ló sọ fún mi pé ìpara tí mò ń pa ni kò jẹ́ kó jiná. Ìyẹn ni mo fi jáwọ́."

Abẹ́rẹ́ ń ka àwọn oníbàárà tí òun ti sọ ìtàn náà fún, àwọn tó pàtẹ́wọ́ fún un. Ìtìjú áńkáṣíìfù ọjọ́sí kò tó ti ọjọ́ yìí, torí ìyẹn, àlejò ló fi kàn án. Èyí, òun fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ ara rẹ̀ rán an.

Lọ́jọ́bọ̀, Ẹlẹ́rìn-ín gbàyè níbi iṣẹ́, ó mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà awọ ara. Wọ́n jókòó lórí bẹ́ǹṣì fún wákàtí méjì láàárín àwọn èèyàn tí kò sí ẹni tó fẹ́ wo ẹnìkejì. Nígbà tó kàn wọ́n, dókítà náà, obìnrin àgbà kan tó fi okùn so awò ojú kọ́ ọrùn, tan iná kékeré kan, ó yẹ ìgúnpá wò, ó yẹ ọrùn wò, kò yára.

Ó bi í pé, "Kí lẹ ti fi pa á?"

Abẹ́rẹ́ ní, "Ọ̀rá lásán ni, dókítà."

"Ọ̀rá nìkan?"

"Ọ̀rá nìkan."

Dókítà wo ọwọ́ náà lẹ́ẹ̀kan sí i. "Ara yín ń sọ nǹkan mìíràn fún mi. Mi ò ní bá yín jà, ìyá. Ṣùgbọ́n mi ò lè tọ́jú ohun tí wọ́n bá fi pamọ́ fún mi. Bí mo bá kọ oògùn tí kò yẹ, ẹ̀yin lẹ máa jìyà rẹ̀."

Abẹ́rẹ́ yíjú sí àbúrò rẹ̀. Ẹlẹ́rìn-ín ti mọ gbogbo rẹ̀. Gbólóhùn kan péré ló kù tó fi lè san ẹ̀san ọdún méjì, níwájú àlejò, bí wọ́n ṣe ṣe é fún òun. Àmọ́ ńṣe ló ń ka ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, bí ẹni pé kò gbọ́ nǹkan kan.

Abẹ́rẹ́ sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì kéré. "Ìpara abóra ni. Àkọ́kọ́, ti àbúrò mi yìí ni. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo fi dójú tì í, mo wá ń pa á. Èkejì, èmi ni mo lọ rà á."

Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀ láìgbójú sókè. Ó wá ṣàlàyé. Ó ní bí awọ bá ti gbóná tó sì wú, pàápàá awọ dúdú bíi tiwa, á tú àwọ̀ síta ju bó ṣe yẹ lọ, àwọ̀ náà á sì dúró síbẹ̀ lẹ́yìn tí àìsàn bá ti lọ. Kì í ṣe ìdọ̀tí, kì í ràn, kì í sì í ṣe àpá tó máa wà títí láé. "Ó máa ń lọ, ṣùgbọ́n ìrìn ìgbín ló ń rìn. Oṣù mẹ́fà, ọdún kan, nígbà mìíràn ó máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá họ ọ́, ẹ ti dá a padà síbẹ̀rẹ̀. Iná ṣì ń jó lára yín báyìí. Ẹ jẹ́ ká pa iná ná, ká tó máa sọ ti èéfín tó bo ògiri."

Ó kọ oògùn tó máa mú ara rọlẹ̀, ó ka iye ọjọ́ tí wọ́n á fi lò ó àti bí wọ́n á ṣe máa dín in kù. Ó ní kó máa fi omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ wẹ̀, kó máa fi ọ̀rá tí kò ní òórùn pa ara nígbà tí omi kò tíì gbẹ tán lára, kó má sì jẹ́ kí oòrùn máa ta sójú ibẹ̀. Nígbà tí ara bá tutù, òun á wá fún un ní ìpara díẹ̀ tó máa ṣí dúdú náà, lójú àpá nìkan, òun náà á sì máa yẹ̀ ẹ́ wò. "Ìyàtọ̀ tó wà láàárín tèmi àti èyí tí ẹ rà ni pé, èmi máa ní kí ẹ dáwọ́ dúró."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ burú. Ara Abẹ́rẹ́ wú, ó pọ́n, ó ń bó. Ó lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù pé òun rìnrìn àjò, ó sì jókòó sílé. Lálaalẹ́, bí ó bá ti ṣíwọ́ níbi iṣẹ́, Ẹlẹ́rìn-ín á yà láti fi ọ̀rá pa ẹ̀yìn ọrùn tí ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò tó. Wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Lọ́jọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù kọ̀ọ̀kan, Ẹlẹ́rìn-ín á fi fóònù ya àwòrán ìgúnpá náà nídìí fèrèsé kan náà, nítorí dókítà sọ pé ojú tó ń wo nǹkan lójoojúmọ́ kì í rí ìyípadà. Abẹ́rẹ́ kórìíra àwòrán náà ju oògùn lọ. Á dijú bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ gún lábẹ́rẹ́.

Ní oṣù kẹrin, wọ́n jọ lọ kí ìyá wọn. Àwọ̀ ara ti ń padà síbi tó pọ́n, dúdú náà sì ti ṣí díẹ̀ sí àwọ̀ ilẹ̀ tí òjò rọ̀ sí. Inú ìyá wọn dùn láti rí àwọn méjèèjì pọ̀. Ó fọwọ́ pa Ẹlẹ́rìn-ín ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó ní, "Wo bí ara ọmọ mi ṣe ń dán. Ọpẹ́lọpẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ tó sọ òtítọ́ fún ọ lọ́jọ́sí."

Ẹlẹ́rìn-ín ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Abẹ́rẹ́ ń wo ilẹ̀. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ó kàn ń fa apá aṣọ rẹ̀ wálẹ̀. Wọ́n sọ̀rọ̀ mìíràn, wọ́n jẹun, wọ́n dágbére. Nínú bọ́ọ̀sì, Ẹlẹ́rìn-ín kọjú síta títí wọ́n fi dé ibi tó ti máa sọ̀kalẹ̀, Abẹ́rẹ́ sì mọ̀ pé òun tún ti dójú tì í lẹ́ẹ̀kejì, láìlanu.

Oorun kò kùn ún lọ́jọ́ náà. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó bẹ àbúrò rẹ̀ pé kó bá òun padà lọ. Ó tún ránṣẹ́ pe àbúrò bàbá wọn. Nígbà tí gbogbo wọn jókòó, ó tú bọ́tìnnì ọwọ́ aṣọ rẹ̀, ó ká a sókè dé èjìká, ó sì gbé ọwọ́ náà kalẹ̀ lórí tábìlì ìyá rẹ̀.

Ó ní, "Ìpara ọjọ́sí ni mo fi ṣe ara mi báyìí. Àpá ni mo fẹ́ bò. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí àbúrò mi lórí tábìlì yìí kò wò ó sàn, ńṣe ló dá kún un. Mo ti ń fi ṣe fáàrí kiri láti ọdún méjì. Ojú ń tì mí. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́."

Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Àbúrò bàbá wọn wúkọ́, ó ń wá nǹkan wò lójú òrùlé. Ìyá wọn fa ọwọ́ náà súnmọ́ ojú rẹ̀ tí kò ríran dáadáa mọ́, ó fi àtàńpàkò ra inú ìgúnpá náà lọ bọ̀. Ó ní, "Ṣé ó ń dùn ọ́?"

"Kò dùn mí mọ́, mà."

Ìyá náà yíjú sí Ẹlẹ́rìn-ín. "Èmi náà rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà."

Nígbà tí wọ́n ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ilé ìyá wọn, Ẹlẹ́rìn-ín dúró ní ìsàlẹ̀, ó dúró de ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ní, "Ó dùn mọ́ mi pé ẹ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ó ṣì ń dùn mí o."

Abẹ́rẹ́ ní, "Mo mọ̀." Kò wá ọ̀rọ̀ mìíràn fi lé e.

Ọdún kan ó lé oṣù méjì kọjá kí dókítà tó sọ pé ìtọ́jú parí, kó máa lọ. Ìgúnpá òsì mọ́ tán. Ti ọ̀tún ku òjìji kan, ẹni tí kò bá mọ̀ kò lè rí i. Ti ẹ̀yìn ọrùn kò kúrò tán, dókítà sì sọ pé ó ṣeé ṣe kó má kúrò. Abẹ́rẹ́ ń ránṣọ lọ. Nígbà mìíràn, bí oníbàárà tuntun bá dúró lẹ́yìn rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ṣì máa ń gbéra fúnra rẹ̀ láti bo ọrùn. Á rántí, á gbé e sílẹ̀, á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.